Ìṣeéṣe àti Ìpíndọ́gba Àfìṣeéṣewọ̀n: Èdè-Ìperí fún Àlọ́ Ìṣirò

1. Ìfáárà
Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń fi ìṣirò ra ìpín ìdókòwò, tí wọ́n sì ń tà á, irú bí Jane Street tí a dá sílẹ̀ ní New York ní ọdún 2000, a máa fi àlọ́ ìṣirò dán ẹni tí ń wá iṣẹ́ wò. Kì í ṣe ìdáhùn nìkan ni wọ́n ń wá. Bí olùdáhùn ṣe ronú dé ibẹ̀ ló jẹ wọ́n lógún. Èrò méjì ni ìpìlẹ̀ àlọ́ wọ̀nyí, ó sì yẹ kí Yorùbá ní orúkọ tó péye fún wọn.

2. Ìṣeéṣe
Bí gbogbo ọ̀nà tí nǹkan lè gbà yọrí bá dọ́gba, ìṣeéṣe ni iye ọ̀nà tó bá ohun tí à ń wá mu, tí a fi iye gbogbo ọ̀nà pín. Àpẹẹrẹ kò jìnnà. Ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ̀dá àti Ìgàndò ní Alímọ̀ṣọ́, gbogbo ènìyàn ló mọ lọ́tò tí à ń pè ní Bàbá Ìjẹ̀bú. Nọ́ńbà 5 ni a ń mú nínú 90. Oríṣi méjì-méjì tí a lè ṣà nínú 90 jẹ́ 90 × 89 ÷ 2, èyí ni 4,005. Nọ́ńbà 5 tó jáde sì ní méjì-méjì 10 nínú. Nítorí náà, ìṣeéṣe ẹni tó mú nọ́ńbà 2 jẹ́ 10 nínú 4,005, bí 1 nínú 400. 'Oríire' kò lè dípò ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tó jẹ ni oríire ń sọ nípa rẹ̀, gbogbo ẹni tó ta ni ìṣeéṣe kàn.

3. Ìpíndọ́gba Àfìṣeéṣewọ̀n
Èrò kejì ni kí a fi ìṣeéṣe àbájáde kọ̀ọ̀kan sọ iye rẹ̀ di púpọ̀, kí a sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó rọrùn láti pè é ní 'iye ìrètí', ṣùgbọ́n ìṣìnà ni. Bí a bá ń san náírà 240 lórí náírà 1, ìrètí ẹni tó fi náírà 100 ta ni 24,000. Àmọ́ 24,000 × 10 ÷ 4,005 kò ju nǹkan bí 60 lọ. Bó bá ń ta á títí, bí náírà 40 ni yóò máa sọnù nínú 100 kọ̀ọ̀kan. Ìrètí gan-an ló ń bo àdánù náà mọ́lẹ̀.

4. Àlọ́ Kan
A da dáìsì lúdò. Iye tó bá hàn ni náírà tí a ó gbà. A lè tún un dà lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n èyí tó bá hàn kẹ́yìn ni a ó gbà. Ìpíndọ́gba dídà kan jẹ́ 21 ÷ 6, èyí ni 3.5. Nítorí náà, kí ẹni tó rí 4, 5 tàbí 6 dúró. Kí ẹni tó rí 1, 2 tàbí 3 tún un dà. Ní ìdajì ìgbà, ìpíndọ́gba yóò jẹ́ 5. Ní ìdajì kejì, 3.5. Iye eré náà jẹ́ 4.25. Kò sí ojú dáìsì tó ní 3.5, kò sì sí ẹni tí yóò retí rẹ̀. Síbẹ̀, òun ló pinnu ìgbà tó yẹ kí a dúró.

5. Àgbálọgbábọ̀
Olùkọ́ tó bá ya ìrètí sọ́tọ̀ kúrò lára ìpíndọ́gba àfìṣeéṣewọ̀n ti fún akẹ́kọ̀ọ́ ní irin-iṣẹ́ kan náà fún ìdánwò iṣẹ́ àti fún ẹnu ìsọ̀ lọ́tò.