Ta Ni Yóò Ṣiṣẹ́ ní Ọjọ́ Ọdún?

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń jí lọ sí ilé ìwòsàn, ilé ìfowópamọ́ tàbí ọ́fíìsì ìjọba, ẹ jẹ́ kí a jọ sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́ ní àkókò tí ó yẹ kí inú wa dùn jù lọ. Bí ọdún bá ti ń súnmọ́, aṣọ ọmọ ni a máa ń rò, a ń ro adìẹ, a ń ro àlejò. Ṣùgbọ́n aláìsàn kì í gba ìsinmi, aboyún kì í sì í wo kàlẹ́ńdà kí ó tó rọbí. Ẹnìkan ní láti wà ní ẹnu iṣẹ́.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe nígbà tí àkọ́bí mi jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Ìyá kan wà tí a jọ wà ní wọ́ọ̀dù kan náà, Mùsùlùmí ni, Ìyá Ìbejì ni gbogbo wa sì ń pè é. Nígbà tí orúkọ mi jáde fún iṣẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì, òun ni ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ó ní, “Ìyàwó, lọ bá ọmọ rẹ ṣe ọdún. Èmi yóò dúró fún ọ.” Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo se ìrẹsì, a ya fọ́tò.

Iléyá dé, orúkọ Ìyá Ìbejì sì bọ́ sí iṣẹ́ òwúrọ̀. Ó wò mí. Ilẹ̀ ni èmi ń wò, nítorí pé mo ti ṣèlérí fún ọkọ mi pé a ó lo ìsinmi náà ní ilé ìyá rẹ̀. Kò bẹ̀ mí. Àwọn ìbejì rẹ̀ tẹ̀lé bàbá wọn lọ sí yídì láìsí ìyá wọn níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, “Nọ́ọ̀sì” ni ó ń pè mí. Kò pè mí ní “Ìyàwó” mọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ti í dun ni tó.

Nítorí náà, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí wọ́n bá lẹ ìwé ìpín-iṣẹ́ mọ́ ògiri. Ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ni Kérésìmesì, kì í yẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣùpá ni àwọn Mùsùlùmí fi ń ka ọdún tiwọn, ó sì fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú ju ti kàlẹ́ńdà ọ́fíìsì lọ. Ìdí nìyí tí Iléyá fi bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ní ọdún 2024, tí ó sì bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù náà ní ọdún 2025. Ní ti Ìtúnu Ààwẹ̀, alẹ́ tí wọ́n bá wo òṣùpá ni a óò tó mọ̀ bóyá ọ̀la ni tàbí ọ̀túnla. Bí ẹ bá fẹ́ dúró fún ẹnìkejì yín, ẹ fi ọjọ́ méjèèjì sílẹ̀ fún un. Ẹni tí ó jẹ́ Íbò tí ó ń lọ sí ilé ní Kérésìmesì, ọjọ́ kan kò lè ràn án lọ́wọ́, nítorí pé lílọ àti bíbọ̀ nìkan lè gba ọjọ́ méjì.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn oníṣẹ̀ṣe. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ni ọjọ́ tiwọn. Ní ọdún 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi nítorí rẹ̀. Nígbà tí èmi wà ní ẹnu iṣẹ́, ẹnìkan nínú wa tí ó ń bọ Ọ̀ṣun a máa sọ pé ara òun kò yá, kí ó lè ráàyè lọ sí Òṣogbo. Ó ń dùn mí títí di òní pé àwa ni a mú un purọ́.

Ní ti oúnjẹ, ẹ bèèrè kí ẹ tó gbé e dé. Kéèkì Kérésìmesì tí a fi ọtí rẹ èso inú rẹ̀ kò ṣe é gbé fún Mùsùlùmí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Kristẹni kan wà tí kì í jẹ ẹran Iléyá. Ẹ má bínú sí wọn. Ní ọdún 2025, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ni ààwẹ̀ Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀, Lẹ́ńtì sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù náà: ẹni tí ó bá ń tú àkàrà gbígbóná sí orí tábìlì ní ọ̀sán irú àkókò bẹ́ẹ̀ kò ro ẹlòmíràn rárá. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà kì í ṣe Kérésìmesì, wọn kì í sì í ṣe ọjọ́ ìbí, nítorí náà ẹ má fi dandan gba owó àríyá lọ́wọ́ wọn. (Ẹ má sì tìtorí èyí di iṣẹ́ ọjọ́ ọdún rù wọ́n ní ọdọọdún. Àwọn náà ní ọmọ ní ilé.)

Nígbà tí Iléyá ọdún kejì kù bí oṣù méjì, mo tọ ọ̀gá wa lọ, mo ní kí ó kọ orúkọ mi sí ọjọ́ náà. Mo sọ fún ọkọ mi pẹ̀lú. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ le, ṣùgbọ́n ó gbà. Ní ọ̀sán ọjọ́ ọdún, mo rí àwọn ìbejì méjèèjì ní ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, wọ́n wọ ẹ̀wù àǹkárá kan náà, wọ́n gbé abọ́ ẹran tí a fi ìdérí bò. Táíwò ni ó sọ̀rọ̀: “Ìyá wa ní kí a kí Ìyàwó.”