Ẹ̀rín Ìgbà Ogun: Àwòrán Ẹ̀fẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́rìí Ìtàn

Àwọn àgbà ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni à ń fi í rín. Ogun wà lára ohun tí ó ju ẹkún lọ. Láàárín ọdún 1914 sí 1918, àti láàárín ọdún 1939 sí 1945, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ń pa ara wọn ní ìpakúpa, àwọn ayàwòrán wọn kò dẹ́kun láti máa ya àwòrán ẹ̀fẹ̀. A tẹ̀ wọ́n sínú ìwé ìròyìn, a lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ògiri, a sì tẹ̀ wọ́n sí ara káàdì ìfìwéránṣẹ́. Lónìí, àwọn tí ń kó ohun àtijọ́ jọ ń fi owó rà wọ́n. Ìbéèrè tí ó kan olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni èyí: irú ẹlẹ́rìí wo ni ẹ̀rín ìgbà ogun jẹ́ fún òpìtàn?

Ará Ìbàdàn kò ṣàì mọ agbára ẹ̀fẹ̀. Ní ọjọ́ ọdún Òkèbàdàn, ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ ní ọjọ́ mìíràn a di orin ẹlẹ́yà ní ìgboro, ẹni tí a bá sì fi kọrin kò gbọdọ̀ bínú. Àṣà ni ó fún irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ láṣẹ. Ti ìgbà ogun yàtọ̀. Ìjọba ni ó sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ mẹ́ta ni ó sì ń rán an: kí ó lé ẹ̀rù ọ̀tá kúrò lọ́kàn ará ìlú, kí ó mú kí wọ́n kórìíra ọ̀tá náà, kí ó sì mú kí wọ́n yọ̀ǹda owó, agbára àti ọmọ wọn.

Ní Oṣù Kẹsán-án ọdún 1939, David Low ya Hitler àti Stalin níbi tí wọ́n ti ń tẹríba kí ara wọn lórí òkú Poland. Ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ dun àwọn Násì tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ fi wà nínú ìwé àwọn tí wọn yóò mú bí wọ́n bá gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ogun ti ìṣáájú, àwòrán Louis Raemaekers, ọmọ ilẹ̀ Họ́láǹdì, lórí ìwà ìkà Jámánì tàn kálẹ̀ lórí káàdì ìfìwéránṣẹ́ àti káàdì inú páálí sìgá. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ ogun Jámánì pa ọ̀pọ̀ ará ìlú ní Belgium ní ọdún 1914. Ṣùgbọ́n ìtàn pé wọ́n ń gé ọwọ́ àwọn ọmọdé, tí ìpolongo ìgbà náà gbé kiri, kò ní ẹ̀rí nígbà tí a wádìí rẹ̀. Báyìí ni òótọ́ àti irọ́ ṣe lè jọ gun ẹṣin kan náà.

Ogun kejì kò yọ oko ilẹ̀ wa sílẹ̀. Nígbà tí Japan gba Malaya ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1942, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàdánù epo ibẹ̀, ó sì yíjú sí ọ̀pẹ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Chinua Achebe, tí ó jẹ́ ọmọ iléèwé nígbà náà, ròyìn pé a sọ fún àwọn pé èkùrọ́ kọ̀ọ̀kan tí àwọn bá ṣà yóò di ìṣó tí a ó fi kan pósí Hitler. Ẹ̀fẹ̀ ni, ìpolongo sì ni. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti òkúta ìpakùrọ́ rí ní abúlé bí Adégbàyí mọ̀ pé iṣẹ́ àṣelàágùn ni. Ìjọba ni ó sì ń dá iye tí a ó san. Ọmọ tí ń rẹ́rìn-ín sí pósí Hitler kò ní rántí béèrè owó èkùrọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ẹ̀fẹ̀ kò mọ olówó rẹ̀. Akinọlá Láṣekan, ọmọ Ọ̀wọ̀, gbé e, ó sì kọjú rẹ̀ sí àwọn amúnisìn fúnra wọn nínú ìwé ìròyìn West African Pilot, èyí tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní ọdún 1937. Àwọn òyìnbó ń polongo pé nítorí òmìnira ni àwọn ṣe ń jà. Àwòrán Láṣekan ń béèrè òmìnira ti ilẹ̀ Nàìjíríà. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1945 nítorí ọ̀wọ́n gógó ìgbà ogun, ìjọba fi òfin de Pilot ní Oṣù Keje. Síbẹ̀, Láṣekan pàápàá ní ẹ̀gbẹ́ tí ó wà. Nígbà tí òṣèlú ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn alátakò Azikiwe ni kálàmù rẹ̀ ń gún.

Ẹ̀rín kan sì wà tí ó korò ju èyí lọ. Ní ọdún 1915, àwọn olówò kòkó kan ní ilẹ̀ Faransé, tí ń ta Banania, ya ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú kan tí ń jẹun tí ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ọmọ ogun Senegal ni wọ́n ń pe irú wọn, bẹ́ẹ̀ ni a kó wọn láti Dahomey pẹ̀lú, níbi tí Yorùbá wà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni ó kú lójú ogun náà. Ẹni tí ó rí káàdì yẹn kò rí ikú kankan níbẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé Léopold Senghor fi ìbínú sọ̀rọ̀ sí àwòrán náà nínú ìwé ewì rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1948.

Kí wá ni ó yẹ kí akójọ ṣe? Kí ó má ṣe fi ìwájú nìkan pamọ́. Ẹ̀yìn káàdì ni a ti ń rí orúkọ ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́, ọjọ́ tí a fi ránṣẹ́, àti ọ̀rọ̀ tí ẹni kan kọ sí ẹni kejì. Bí a bá gé àwòrán kúrò nínú ìwé ìròyìn láìkọ ọjọ́ sí i, a ti ya ẹlẹ́rìí náà ní ahọ́n. Lẹ́yìn èyí, kí olùkọ́ kọ́ àwọn ọmọ láti béèrè nǹkan mẹ́ta: ta ni ó san owó àwòrán yìí? Ta ni a ń fi rẹ́rìn-ín? Ta ni kò sí níbẹ̀ rárá?

Iṣẹ́ náà kò ṣeé fi falẹ̀. Ilé Ìpamọ́ Àkọsílẹ̀ Orílẹ̀-èdè wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú àpótí àwọn òbí wa àgbà ní abúlé kò sí níbẹ̀. Ikán ń jẹ ẹ́. Ìyókù ni a fi ń pọ́n àkàrà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lọ tọrọ ìwé ìròyìn àtijọ́ kan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àgbà ti gba ẹlẹ́rìí kan là. Kí ó kàn rántí pé agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ó rẹ́rìn-ín ti sọ tirẹ̀ nínú àwòrán. Ó ku ti ẹni tí a fi rẹ́rìn-ín.