Omi Ọ̀ṣun pàwọ̀ dà: Iye àlejò nìkan kọ́ ló yẹ ní kíkà

Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, èrò a máa rọ́ wọ ìlú Òṣogbo wá ṣọdún Ọ̀ṣun. Wọ́n ń ti Brazil, Cuba àti Amẹ́ríkà wá, àwọn aláwọ̀ funfun náà kì í gbẹ́yìn. Bí Arugbá bá ti dé etí odò, oníkálukú a mú ike àti kèrègbè rẹ̀ jáde, láti bu omi tó gbàgbọ́ pé ó ń fúnni lọ́mọ, tó sì ń woni sàn.

Ṣùgbọ́n omi ọ̀hún ti pàwọ̀ dà. Ó pọ́n bí amọ̀, nítorí àwọn tó ń wa góòlù láìgbàṣẹ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, lápá òkè odò. Ẹgbẹ́ kan tó yẹ omi náà wò ní ọdún 2021 kéde pé òjé àti mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún aráàlú kí wọ́n má mu ún mọ́.

Ọdún 2005 ni UNESCO ka igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, ìkejì irú rẹ̀ ní Nàìjíríà lẹ́yìn Sukur. Hẹ́kítà 75 ni. Susanne Wenger, tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti dáàbò bò ó kó tó kú ní ọdún 2009. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni gégi tàbí kó dọdẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ inú igbó kò dá omi dúró: ohun tí wọ́n bá dà sódò lókè, Òṣogbo ni yóò gbà á.

Ní ọdún 2004, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́ dá ètò kan sílẹ̀ fún ṣíṣọ́ irú àwọn ibi báyìí. Wọn kì í ka iye àlejò nìkan níbẹ̀. Wọ́n ń wo omi, pàǹtírí, iṣẹ́ tí aráàlú ń rí, àti bóyá inú àwọn onílé dùn sí àwọn àlejò wọn.

Òṣogbo náà lè ṣe é. Kí wọ́n máa yẹ omi wò lóṣooṣù, láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà títí dé ojúbọ, kí wọ́n sì kéde èsì rẹ̀ lédè tí ìyá aláta yóò gbọ́. Kí wọ́n bi àwọn aláàdìrẹ àti olóúnjẹ bóyá owó ọdún ń dé ọwọ́ wọn.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bí àlejò bá ń pọ̀ sí i tí omi sì ń bàjẹ́ sí i, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí Arugbá yóò dé etí odò, tí ẹnikẹ́ni kò ní mú kèrègbè jáde.