Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ta ló yẹ ọkọ̀ ojú omi wò kí ẹ tó wọ̀ ọ́?

Ẹ̀yin ará Òṣogbo àti Iléṣà, a kì í sábà wọkọ̀ ojú omi nílé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Èkó, tí ẹ fẹ́ gba ojú omi láti Ìkòròdú lọ sí Marina ńkọ́?

1. Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni wà tí wọ́n ń pè ní Coast Guard Auxiliary, láti 1939. Wọ́n máa ń yẹ ọkọ̀ afẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́: jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, iná, ohun ìpaná. Bí ọkọ̀ ò bá yege, wọn kì í gba owó ìtanràn. Ohun tó kù ni wọ́n á sọ fún ẹni tó ni ín. Èyí wù mí gan-an!

2. Ní ti ẹ̀yin tó fẹ́ wọkọ̀, ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì, ẹ má jókòó lé e. Ẹ so gbogbo okùn rẹ̀, kí ẹnì kan wá fà á sókè ní èjìká yín. Bó bá gòkè dé etí, ó ti tóbi jù, ẹ gba òmíràn. Ti ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà.

3. Ẹ má rin ojú omi lóru. Ní oṣù Kẹfà 2023, ọkọ̀ tó kó èrò ìgbéyàwó dojú dé lóru ní agbègbè Pàtígi, Kwara. Ó lé ní 100 ènìyàn tó kú.

Àwa náà ní ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ afẹ́ tó lè ràn wá lọ́wọ́ bíi ti Amẹ́ríkà: Lagos Yacht Club ti wà láti 1932. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ afẹ́ l'Ékòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dúró ní èbúté lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ kọ́ èrò bí wọ́n ṣe ń so jákẹ́ẹ̀tì.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ará ilé yín tó wà l'Ékòó.