Abọ́ Tánganran Tí Ara Rẹ̀ Ti Bó

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ abọ́ ìjẹun ni mo fẹ́ bá yín sọ, pàápàá jù lọ abọ́ tánganran. Ó pẹ́ tí abọ́ yìí ti wà nínú ilé wa. Òun ni a fi ń bu ìrẹsì lóde àríyá, òun ni a ń kó mọ́ ẹrù ìyàwó, òun náà ni ìyá arúgbó fi ń mu ẹ̀kọ. Àwọn abiyamọ a máa bi mí ní dìsípẹ́ńsárì pé: “Nọ́ọ̀sì, abọ́ tí ìyá mi fún mi nígbà tí mo ń lọ ilé ọkọ ti ń bó. Ṣé mo ṣì lè fi bọ́ ọmọ?”

Kí n tó dáhùn, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí abọ́ náà jẹ́. Irin ni nínú, tánganran ni lára. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń tẹ abọ́ náà, wọ́n á sì fọ̀ ọ́ títí ọ̀rá kò fi ní í ṣẹ́kù lára rẹ̀. Wọ́n á wá lọ irú dígí kan kúnná bí èlùbọ́, dígí tí wọ́n fi yanrìn, bórásì àti àwọn nǹkan mìíràn sè. Wọ́n á fi omi pò ó, wọ́n á fi kun irin náà, wọ́n á sì tì í bọ ààrò tí ó gbóná tó ìwọ̀n 800 sí 850 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Ẹ rántí pé 100 péré ni omi fi ń hó. Nínú iná yìí ni dígí yóò ti yọ́ tí yóò sì gbá irin mú. Nínú ọ̀dà àkọ́kọ́, wọ́n máa ń fi kóbáltì díẹ̀ sí i, nítorí pé òun ni ó ń jẹ́ kí dígí lẹ̀ mọ́ irin dáadáa. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó kun funfun tàbí àwọ̀ mìíràn lé e, tí wọ́n á tún yan án lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìdí tí àwọn méjèèjì fi ń bára gbé pẹ́ nìyí. Bí abọ́ bá ń tutù, irin máa ń sún kì ju dígí lọ díẹ̀, ó sì ń fún dígí náà mọ́ra. Dígí lè fara da fífún, ṣùgbọ́n kò lè fara da fífà. Nítorí náà, bí abọ́ bá já bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì, irin lè tẹ̀ kí ó má fọ́, ṣùgbọ́n tánganran ibẹ̀ yóò bó. Bákan náà, bí a bá da omi tútù sínú abọ́ gbígbóná, tàbí tí a gbé òfìfo rẹ̀ ka iná, ọ̀kan yóò yára ju èkejì lọ, ara tánganran yóò sì là.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ojú ibi tí ó bó ni omi ti ń dé ara irin. Irin á dógùn-ún, ìdógùn-ún náà á sì máa rá wọ abẹ́ tánganran tí ó kù, á máa ṣí i díẹ̀díẹ̀. Ìdógùn-ún kékeré fúnra rẹ̀ kì í ṣe májèlé. Ohun mẹ́ta mìíràn ni mo ń bẹ̀rù. Èkínní, èérún tánganran mú bí àfọ́kù ìgò. Ó lè gé ọmọ lẹ́nu tàbí lọ́fun. Èkejì, oúnjẹ máa ń há sínú kòtò ibi tí ó bó, kòkòrò àrùn á sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n kọ́ wa pé awo tí ó bá ti bó kì í ṣe awo tí a ń kó ohun èlò ìtọ́jú egbò sí. Ẹ̀kẹta, òjé tàbí kádíọ́mù wà nínú àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ìyeyè àwọn abọ́ àtijọ́ mìíràn. Ọbẹ̀ tòmátì, ọsàn wẹ́wẹ́ àti omi ògì kíkan lè fà á jáde bí wọ́n bá sùn mọ́jú nínú rẹ̀.

Ìdáhùn mi nìyí: bí ó bá bó nínú, ẹ má ṣe fi jẹun mọ́, ẹ má sì fi bọ́ ọmọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìdí rẹ̀ lóde nìkan ni, ẹ ṣì lè lò ó, ṣùgbọ́n ẹ máa nù ún gbẹ kí ẹ sì máa ṣọ́ ọ. Èyí tí ó jẹ́ ogún ìyá, ẹ má jù ú nù. Ẹ fi kó ìlẹ̀kẹ̀ tàbí aṣọ sí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi òjé dí ihò abọ́ ìjẹun yín. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta góòlù, ó lé ní 400 ọmọ tí májèlé òjé pa.

Bí èérún bá gé yín lọ́wọ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì lọ bèèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, àìsàn tí í mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ há pinpin. Bí ọmọ bá gbé èérún mì, ẹ má fi tipátipá mú un bì. Bí inú bá ń dùn ún, tí kò lè gbé nǹkan mì, tàbí tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Òfin yìí kan náà ni ó de eyín tí dókítà eyín fi irin ṣe fìlà fún, tí ó sì yan tánganran lé lórí. Iṣẹ́ náà lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi pa ẹ̀kùrọ́ tàbí tí ẹ fi ṣí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ara rẹ̀ yóò bó bí ti abọ́.

Ní ìparí, ẹ fi kànrìnkànrìn rírọ̀ àti ọṣẹ fọ abọ́ yín, kì í ṣe yanrìn tàbí eérú. Ẹ jẹ́ kí ó tutù kí omi tó kàn án. Ẹ má sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Lálẹ́ òní, ẹ kó gbogbo abọ́ yín jáde, kí ẹ fi ìka ra inú wọn jẹ́jẹ́. Ìka yín yóò sọ èyí tí ó yẹ kí ó kúrò níwájú ọmọ.