Ṣé òótọ́ ni pé ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ló gbọ́dọ̀ kéde fún aráàlú kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó lè ba àyíká jẹ́?

Àhesọ: Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ti kéré, òfin Nàìjíríà kò ní kó sọ fún ẹnikẹ́ni kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àbájáde: Ọ̀rọ̀ yìí ń ṣini lọ́nà. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kíkéré nìkan kò yọ ilé-iṣẹ́ kankan kúrò lábẹ́ òfin.

Ẹ ó sábà gbọ́ ọ nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ pàǹtí irin tàbí tó ń tú bátìrì àlòkù bá fẹ́ wọ àdúgbò. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú òfin gan-an.

Kí ni òfin sọ?

Òfin tó de ọ̀rọ̀ yìí ni òfin àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní EIA. Ọdún 1992 ló jáde. Abala 2 rẹ̀ sọ pé yálà ìjọba ni o tàbí aládàáni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáwọ́ lé iṣẹ́ láìkọ́kọ́ ro ohun tí yóò ṣe sí àyíká. Ohun mẹ́ta ló ní kí a wò: bí iṣẹ́ náà ṣe tóbi tó, irú iṣẹ́ tó jẹ́, àti ibi tí yóò wà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lè ṣe àkóbá ńlá fún àyíká, àyẹ̀wò di dandan.

Abala 7 ní kí ìjọba fún aráàlú, àwọn onímọ̀ àti ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn láyè láti sọ tẹnu wọn kó tó ṣe ìpinnu. Ní ti àwọn iṣẹ́ tó wà nínú àtòkọ dandan, abala 25 ní kí ìkéde sọ ọjọ́ tí aráàlú lè rí ìwé àyẹ̀wò náà, ibi tí wọ́n ti lè gba ẹ̀dà rẹ̀, ọjọ́ tí àyè èsì yóò parí àti àdírẹ́sì tí wọn yóò fi èsì ránṣẹ́ sí. Ìlànà ìjọba fi ọjọ́ iṣẹ́ 21 sílẹ̀ fún títẹ́ ìwé náà síta. Ẹ má ka Sátidé àti Sọ́ńdè mọ́ ọn.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ “kékeré” ti jáde?

Inú àtòkọ dandan yẹn ni. Ilé-iṣẹ́ tó ń fi pàǹtí irin ṣe irin wọ inú rẹ̀ bí ohun tó ń ṣe bá ju 200 tọ́ọ̀nù lọ lójúmọ́. Ti bébà jẹ́ 50 tọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n kò sí ìwọ̀n kankan fún àwọn tó ń yọ́ bàbà láti inú òkúta rẹ̀: kékeré àti ńlá, gbogbo wọn ló wọ̀ ọ́.

Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe 150 tọ́ọ̀nù irin lójúmọ́ kò sí nínú àtòkọ, ìkéde inú abala 25 kò sì dá yín lójú. Ibi tí òótọ́ àhesọ náà mọ nìyí. Abala 2 ṣì mú un, pàápàá bó bá wà nítòsí ilé ìwé tàbí odò tí ìlú ń mu.

Ṣé iṣẹ́ kékeré lè pani lára?

Ní Thiaroye-sur-Mer, nítòsí Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, ọmọdé 18 kú láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008. Òjé inú bátìrì ọkọ̀ àlòkù ló fà á. Àwọn ará àdúgbò ń sẹ́ ilẹ̀ láti ṣa òjé tà. Ní Zamfara lọ́dún 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tí òjé pa níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà nínú ilé. Kò sí fákítọ̀rì ńlá níbẹ̀.

Ìwé àṣẹ NESREA ńkọ́?

Ìwé mìíràn nìyẹn. Àyẹ̀wò EIA ń wáyé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé àṣẹ NESREA, àjọ tí òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 2007, dá lórí ohun tí ilé-iṣẹ́ ń tú sínú afẹ́fẹ́, omi àti ilẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá fi ọ̀kan hàn yín, ẹ béèrè èkejì.

Bí ẹ kò bá rí ìkéde, kí ni kí ẹ ṣe?

Ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011. Ẹ béèrè bóyá àyẹ̀wò wáyé, ibi àti ọjọ́ tí wọ́n tẹ́ ìwé rẹ̀ síta, àti ìpinnu tí wọ́n ṣe. Abala 9 òfin EIA ní kí ìpinnu náà wà lákọsílẹ̀, pẹ̀lú ìdí rẹ̀.

Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn. Òfin lè fún wọn ní ọjọ́ 7 sí i. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ lè gba ilé ẹjọ́ lọ láàárín ọjọ́ 30. Lọ́dún 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbà pé ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká lè pẹjọ́ lórí epo tó dà sínú odò ní Acha, ní ìpínlẹ̀ Abia, bí kò tilẹ̀ jẹ́ òun gan-an ni epo náà ṣe lọ́ṣẹ́.

Ìyà tó wà nínú òfin EIA kò wúwo fún ilé-iṣẹ́: owó ìtanràn 50,000 sí mílíọ̀nù kan náírà. Ìdí nìyí tó fi dára kí ẹ tètè béèrè, kí iná tó ràn nínú ààrò wọn. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà yín, kí ẹ sì gba òǹtẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbà á.