Ipa Ọkàn nínú Ìdíje Ìbọn Ráífù: Àpẹẹrẹ Matthew Emmons

Nínú ìdíje ìbọn ráífù, ọwọ́ àti ojú nìkan kọ́ ni ó ń mú ayìnbọn borí. Ọkàn ń kó ipa tirẹ̀. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Áténì lọ́dún 2004, Matthew Emmons ti Amẹ́ríkà fi máàkì 3 ṣíwájú nígbà tí ó ku ọta kan ṣoṣo. Ìṣe rẹ̀ ni láti kọ́kọ́ wo nọ́ńbà orí pátákó àfojúsùn kí ó tó fojú sun àárín rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, bí ọkàn rẹ̀ yóò ṣe balẹ̀ ni ó ń rò; kò wo nọ́ńbà náà. Pátákó ẹlòmíràn ni ó yìnbọn sí. Òdo ni ó gbà, ó sì di ẹni kẹjọ.

Èyí fi hàn pé ìrònú nípa èsì lè mú ni fo ìgbésẹ̀ tí ó ti mọ́ ni lára. Nítorí náà, ìgbésẹ̀ kan náà ni ó yẹ fún ọta àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn: ìdúró, mímí, ìfojúsùn, yíyìn. Emmons kò jáwọ́. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2012.

Ẹ̀kọ́ ni èyí jẹ́ fún olùkọ́ tí ó ń múra akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún ìdánwò: ìgbésẹ̀ iṣẹ́ ni kí ó tẹnu mọ́, kì í ṣe máàkì.